Ẹ̀rín Tó Wà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Bàbá

Èmi ni mo ba kásẹ́ẹ̀tì náà jẹ́. Kí n tètè sọ ọ́, kó má di pé mò ń wá ibi tí màá gbà yọ ara mi.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Manchester. Crumpsall ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni mo máa ń wa mọ́tò gun òkè lọ sí Dobcross, níbi tí bàbá òyìnbó kan ń dá gbé nínú ilé olókùúta tí àwọn ahunṣọ ayé àtijọ́ fi sílẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ṣe tíṣà ní Japan, ibẹ̀ ló ti fẹ́ ìyàwó, ìyàwó náà sì ti kú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Màá wẹ̀ fún un, màá fún un lóògùn, màá fi òróró ra àwọn ìka rẹ̀ tí àìsàn oríkèé ti ká kò. Bàbá ni mò ń pè é. Ó ní ó dùn mọ́ òun létí ju “sir” lọ.

Bí mo bá ti ra ìka rẹ̀ tán, á ní kí n bá òun tẹ kásẹ́ẹ̀tì kan. Orin Japan ni, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò níbẹ̀ láyé ìgbà náà. Obìnrin kan ló ń kọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn, àwọn ọmọdé á sì máa ka nǹkan lẹ́yìn rẹ̀. Orin náà á dákẹ́ lójijì. Nígbà tí èèyàn bá rò pé ó ti parí, obìnrin kan á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kúkurú ni, láti inú imú, á gòkè lẹ́ẹ̀mẹta kó tó já. Gbogbo irun ara mi ló máa ń dìde.

Mo bi Bàbá pé kí ni wọ́n ń kà.

“Ọmọbìnrin kan ló ń ka àtẹ̀gùn ilé wọn,” ó ní. “Lójoojúmọ́ ló ń bá ọ̀kan sí i níbẹ̀.”

Ó ní irú orin bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, pé ìgbà ooru ni wọ́n fẹ́ràn láti máa gbọ́ ohun abanilẹ́rù, kí ara lè tutù. Lójú tèmi, Dobcross kò ṣaláìní òtútù.

Lọ́jọ́ Sunday, mo sọ ọ̀rọ̀ orin náà àti ẹ̀rín rẹ̀ fún ìyá àgbà kan tí mo fọkàn tán ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

“Ẹ̀rín yẹn gan-an ni kó o bẹ̀rù,” ìyá ní. “Kì í ṣe ordinary music. O ń gbọ́ ọ níbi iṣẹ́, o tún ń gbé e bọ̀ wá bá àwọn ọmọ ẹ nílé. Ṣé anointing oil wà lọ́wọ́ ẹ?”

“Ó wà, ma.”

“Lò ó.”

N kò lè di ẹ̀bi náà ru ìyá. Kò ní kí n da òróró sínú kásẹ́ẹ̀tì.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Bàbá ń fọ eyín, mo yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, mo sì fi ìka tó ní òróró ya àgbélébùú sí i lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ àdúrà ni mo ń gbà lóòótọ́, ibẹ̀ ni ǹ bá dúró sí. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ẹ̀rín yẹn ti sú mi. Mo da òróró sínú ihò rẹ̀ méjèèjì, mo nu ara rẹ̀, mo dá a padà.

Nígbà tí mo ra ìka Bàbá tán, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin náà jáde, ó ń wọ́ bí ohùn ọ̀mùtí, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ téèpù. Nígbà tí mo ṣí i, téèpù ti lọ́ mọ́ra, ó rin fún òróró, ó sì ti já. Bàbá wò ó. Ó wo ìka ara rẹ̀ tó ń dán.

“Èmi ni,” ó ní. “Mo yọ ọ́ wò lánàá kí n tó nu ọwọ́. Ọwọ́ yìí kò ṣe é fọkàn tán mọ́.”

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka tèmi ló ṣẹ̀, mo sì dúró, mo ń wo Bàbá bó ṣe ń dá tirẹ̀ lẹ́bi. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sínú care notes, ìwé tí a ń kọ iṣẹ́ ojúmọ́ wa sí, pé òróró ọwọ́ rẹ̀ ló bà á jẹ́.

“Orin yẹn kò lè wọ́n,” Bàbá ní. “Ẹ̀rín yẹn ló wọ́n.”

Ó wá ṣàlàyé. Iwájú rédíò ni àwọn gbé ẹ̀rọ sí láti gba orin náà sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó tì í, ó pa ẹnu mọ́. Bí orin ti parí, ó rí bí ẹ̀rù ṣe ń ba ọkọ rẹ̀, kò lè mú ẹ̀rín mọ́ra mọ́. Kò sí ibòmíràn tí ohùn rẹ̀ wà.

Nígbà tí mò ń padà lọ, mo pa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sunkún. Ìyá ìyá mi ni mo rántí, bó ṣe máa ń pàlọ́ fún wa l'Abẹ́òkúta, tí òkú ọmọ á máa kọrin láti inú odò, tí àwa ọmọ á sì máa gbè é. Ẹ̀rù á bà wá, a ó tún ní kó pa àlọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sẹ́ni tó da òróró sí màmá àgbà lẹ́nu.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àràárọ̀ ni mo máa ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu láti Crumpsall, màá sì gbé e mì lẹ́nu ọ̀nà Bàbá. Agency tó gbà mí síṣẹ́ ló mú visa mi dání, bí wọ́n bá lé mi, visa náà lọ nìyẹn; ojú sì ń tì mí.

Ó tó oṣù kan kí Bàbá tó bi mí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ọwọ́ mi.

“Ìwọ náà gbọ́ ẹ̀rín yẹn dáadáa. Ó ti ń kúrò níyè mi. Ṣé láti ọ̀fun ló ti ń bẹ̀rẹ̀ ni?”

“Láti imú ni, Bàbá.”

“Ṣe é kí n gbọ́.”

Mo rẹ́rìn-ín. Láti inú imú, ó gòkè lẹ́ẹ̀mẹta, ó já. N kò mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Bàbá di ojú.

“Òun gan-an nìyẹn. Jọ̀ọ́, tún un ṣe.”

Láti ọjọ́ náà, kò ní kí n tẹ nǹkan kan mọ́. Bí mo bá ti ra ìka rẹ̀ tán, màá rín ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ fún un. Á fi ìka tó kún fún òróró di ọwọ́ mi mú, á ní kí Ọlọ́run bù kún mi, èmi náà á sì ṣe àmín.