Ẹ̀rọ Ègbè tí Ayálégbé Mi Yàn

Èmi, Abígéèlì Àjọkẹ́ Adéṣínà, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ọmọ Adéṣínà alágbẹ̀dẹ ti Ìṣẹ̀rí-Olófin, ní ayálégbé kan rí ní Ìgàndò tí kì í ra ohunkóhun láìkọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Òun ni ó ń ta gìtá ní ìjọ wa. Nígbà tí àwọn elégbè rẹ̀ bínú kọ̀ ọ́ sílẹ̀, Bàbá Ìjọ kìlọ̀ pé bí kò bá rí ègbè kí Kérésìmesì tó dé, òun yóò lé e. Mo bá a lọ sí Ìkòtún láti yan ẹ̀rọ tí ń gba orin sílẹ̀, tí ó sì ń tún un kọ láìdúró.

Òǹtajà gbé méjì kalẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ mú eléyìí. Ó níbi tẹ́ ẹ máa tẹ̀ kó dákẹ́. Ìyẹn, àfi kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀mejì."

"Èwo ni ti dákẹ́? Àwọn elégbè mi ò tíì dákẹ́ tó ni?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ èkejì. "Ìwọ ń kọ́, ṣé o máa ń bínú?"

Ẹ̀rọ náà kò fèsì. Ayálégbé mi ní onísùúrù ni, ó sì rà á.

Ní ìsìn Kérésìmesì, bí ẹ̀rọ náà ti ń gba gìtá sílẹ̀ láti inú gbohùngbohùn ni Bàbá Ìjọ súre sínú gbohùngbohùn kan náà: "Ẹ ó dàgbà, ẹ ó darúgbó!" Ẹ̀rọ gbé e, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Gbogbo wa ń ṣe Àmín ṣáá, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ kọjá òun.

Mo kígbe sí i pé, "Dá a dúró, ọmọkùnrin yìí!"

"Mà, kí n fẹsẹ̀ gbá àdúrà Bàbá lójú Bàbá? Lẹ́ẹ̀mejì?"

Inú Bàbá Ìjọ dùn púpọ̀. Ó pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ náà dúró ní ìjọ, kí ẹni tí ó gbé e wá máa lọ. Ayálégbé mi gbé gìtá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì ń ṣe Àmín títí ó fi jáde. Ó kó ẹrù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, ọdún 2014. N kò sì rí i mọ́.