Ọkọ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Yàn fún Odò Ọ̀kpárá

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ mú ọkọ̀ ẹlẹ́rọ dé etí odò wa. Nígbà ìjọba Rẹfolúṣọ̀n ni, nígbà tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kàmáráàdì, tí wọ́n sì ní kí àwọn apẹja kóra jọ di ẹgbẹ́. Abúlé wa wà lọ́nà Goro, níbi tí odò Ọ̀kpárá ti ń gba àárín òkúta kọjá. Àgbẹ̀ oníṣu ló pọ̀ níbẹ̀. Àwa apẹja kò tó nǹkan, àjẹ̀ la sì fi ń wa ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ́kọ sí Kùtọnu, apẹja ọ̀sà ni ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, ó wọ ọkọ̀ ojú irin padà wá bá wa. Ẹrù rẹ̀ kò pọ̀: aṣọ díẹ̀, ìkòkò, àti àpótí kan tó kún fún búgì tó ń ṣáná sí ẹ̀rọ àti oríṣiríṣi irin tí wọ́n fi ń tú ẹ̀rọ. Àwọn obìnrin ilé rò pé ó kó wọn wá láti fi rántí ọkọ rẹ̀ ni. Àṣé òun fúnra rẹ̀ ló ti ń tọ́jú ẹ̀rọ ọkọ̀ wọn láti ìgbà tí ojú ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ra ọkọ̀, èmi àti òun ni wọ́n rán lọ sí Kùtọnu.

Ọkọ̀ tí wọ́n tò sórí iyanrìn létí ọ̀sà pọ̀ lọ súà. Ọ̀kan gùn gbọọrọ, wọ́n kùn ún ní pupa àti búlúù, ẹ̀rọ ńlá kan sì wà nídìí rẹ̀. Ojú mi kò kúrò lára rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èyí rèé! Fífò ni yóò máa fò."

Ó ní, "Fò lọ síbo? Ọ̀sà kò ní òkúta, àbúrò. Odò tiwa ńkọ́?"

Síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka kan ọkọ̀ náà kó kó kó láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì ń tẹ́tí sí i. Níbì kan, ohùn igi náà yí padà. Ó yọ ọ̀bẹ, ó tì í síbẹ̀ díẹ̀, ọ̀bẹ sì wọlé bí ìgbà tó ń wọ iṣu sísè. Ẹni tó ń tà á bẹ̀rẹ̀ sí họrí. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá a jà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọjá lọ.

Èyí tó yàn kúrú, ó fẹ̀, ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, wọn kò sì kùn ún rárá. Ó ní kí wọ́n tì í sómi, ó sì ní kí gbogbo wa dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ náà tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n omi kò wọlé. Ó ní, "Èyí ní sùúrù."

Nígbà tó kan ẹ̀rọ, kékeré ló mú. Ó ní, "Tó bá kú láàárín omi, ta ni yóò gbé èyí tó tóbi? Èyí, èmi nìkan lè gbé e." Ó sì gbé e lé èjìká níṣojú gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn náà ló fa okùn rẹ̀, ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó wo èéfín, ó sì wò ó bóyá omi tó ń mú ẹ̀rọ tutù ń tú jáde dáadáa.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gbé àwa àti ọkọ̀ wa dé Tchaourou, ìlú tó súnmọ́ abúlé wa, àwọn tó ń ta iṣu àti kajú fi ọjà sílẹ̀. Obìnrin kan pariwo pé, "Ẹ wá wò ó, ọkọ̀ omi gun ọkọ̀ irin!"

Nílé, ìtọ́jú tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe fún ẹ̀rọ yẹn dà bí ti ìyá ọlọ́mọ tuntun. Kò ní rọ epo ẹsáǹsì sínú rẹ̀ láì fi aṣọ sẹ́ ẹ, torí epo inú bídọ̀n máa ń ní omi àti ìdọ̀tí. Ó máa ń tú búgì, á nù ún, á gbé e sóòrùn. Ó tún máa ń so àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ etí ìró rẹ̀. Irú irin yẹn ló so elísì, abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ lábẹ́ omi, mọ́ ẹ̀rọ. Tí elísì bá kọlu nǹkan, irin náà ni yóò kán, kí elísì má bàa fọ́.

Ní ìgbà òjò kan, odò kún lọ́sàn-án gangan. Àwọn àgbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní òdìkejì há sórí òkè kékeré kan, omi sì yí wọn ká. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà nínú ọkọ̀ kí n tó débẹ̀. Ó ní "Bísímílàhì", ó fa okùn, a sì gbéra.

Láàárín odò, a gbọ́ gbàù! Kùkùté igi. Ẹ̀rọ ń pariwo, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lọ mọ́, omi ń gbé wa lọ.

Ó kígbe pé, "Àjẹ̀! Wà wá síbi igi yẹn!"

Mo wà á débẹ̀, mo di ẹ̀ka igi mú. Ó pa ẹ̀rọ, ó gbé ìdí rẹ̀ sókè kúrò nínú omi, ó tú etí ìró rẹ̀, ó fi eyín di irin kan mú, ó sì yọ èyí tó kán. Ó fi tuntun náà rọ́pò rẹ̀. Mo ń wò ó, ẹ̀rù sì ń kúrò lára mi díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́, ẹ̀rọ tún dún, ọkọ̀ sì gbéra.

Nígbà tí a dé orí òkè náà, bàbá kan kò fẹ́ wọlé. Ó ní, "Iṣu mi ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ẹ ó gbin òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

A lọ, a bọ̀, títí kò fi ku ẹnì kan lórí òkè náà.

Nígbà tó yá, aṣojú ìjọba kan wá, ó fẹ́ fi ọkùnrin kan ṣe olórí ọkọ̀ náà. Àwọn àgbẹ̀, tí wọn kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa, ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n ní, "Tata ni yóò máa ṣe é." Tata ni gbogbo wọn ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Aṣojú náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin abúlé ti ń wá kọ́ ẹ̀rọ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò ti rọlẹ̀, ó ní kí n jókòó sídìí ẹ̀rọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo rò pé yóò máa pàṣẹ fún mi ni. Ó tẹ́ ara sórí àwọ̀n, ó fi gèlè bojú nítorí oòrùn, ó sì sùn lọ fọnfọn.