Irin Tó Ń Pè Wá sí Àdúrà

Ọlọ́run tó mí èémí sínú amọ̀ tó fi di ènìyàn, ọpẹ́ ni fún Ọ, nítorí èémí náà ṣì wà nínú mi lónìí.

Lábẹ́ igi máńgòrò ìjọ wa ní ìlú Oǹdó, wọ́n fi ṣéènì so ègé irin rélùwéè kan rọ̀. Wọ́n ti gbé e wá láti ìlú tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá kí wọ́n tó bí mi. Bàbá mi ló máa ń lù ú ní ìdájí. Mo máa ń gbọ́ ọ nínú oorun, bí omi tó ń ṣàn lọ́nà jíjìn. Bàbá ti lọ. Ohùn irin náà nìkan ló kù fún mi.

Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ ní Àkúrẹ́, níbi tí mo ti ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, pé ìjọ fẹ́ tà á fún àwọn tó ń yọ́ àlòkù irin, kí wọ́n lè tún òrùlé ṣe, mo wọ takisí lọ sí Oǹdó.

Mo bẹ àwọn àgbà ìjọ kí wọ́n má tà á, mo sì sọ fún wọn bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ń ṣe irú irin bẹ́ẹ̀. Láyé ọjọ́un, díẹ̀díẹ̀ ni irin líle ń jáde, ìwọ̀n ọ̀bẹ àti idà. Nígbà tó yá, wọ́n da irin yíyọ́ sínú ìkòkò ràgàjì kan, wọ́n sì ń fẹ́ atẹ́gùn gba ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èèyàn á rò pé atẹ́gùn tútù á pa iná. Rárá o. Èédú àti ìdọ̀tí inú irin náà ló gbiná. Ọwọ́ iná yọ lẹ́nu ìkòkò, ó ń yí àwọ̀ padà bí ojú ọ̀run ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó fi rọlẹ̀, irin ti mọ́, ó ti le, ó sì pọ̀ tó láti tẹ́ láti ìlú dé ìlú.

Bàbá Ìjọ ní, "Tíṣà, ìyàwó mi ń fẹ́ná látàárọ̀, ìkòkò wa ò tíì di rélùwéè."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

"Ṣùgbọ́n òrùlé ń jò, ọmọ mi. Lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o fi dágbére fún un."

Mo lù ú. Ohùn náà rìn lórí àwọn òrùlé páànù. Kó tó pa rẹ́, màmá arúgbó kan ti ń bọ̀, Bíbélì lábẹ́ apá, gèlè rẹ̀ ti yẹ̀.

"Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ o! Mo ń bọ̀!"

"Màmá, kò sí àdúrà lọ́sàn-án yìí," Bàbá Ìjọ wí.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá pè mí? Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tẹ́ ẹ fi ń pe àdúrà báyìí, ariwo ló ń pa sí mi létí. Èyí ni mo mọ̀ pó ń pè mí."

Ó jókòó. Àwọn mìíràn ń wọlé bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Ìjọ wò wọ́n, ó wò mí, ó ṣí ìwé orin.

"A ò ní tà á mọ́. A ó wá owó òrùlé gba ọ̀nà mìíràn," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká kọrin."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, iná tí ẹ bá ń là kọjá kò ní jó yín run. Ìdọ̀tí nìkan ni yóò jó. Ohùn tí yóò máa pè yín wálé kò sì ní dákẹ́. Àmín.