Àga Tó Ga Ju ti Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Lọ

Bí obìnrin tilẹ̀ darúgbó, tó sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ bíi tèmi, ìyàwó ló ṣì jẹ́ lójú ẹni tó bá nínú ilé ọkọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní màmá, ní Ìpẹ̀rú.

Lọ́jọ́ kan, mo kúnlẹ̀ tán, mi ò lè dìde. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ̀.

"Ìyàwó wa, mo ti gbọ́ ìkíni o. Àbí ẹ̀bẹ̀ lo wá bẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn. Nígbà tó yé màmá pé mi ò lè dìde, ó na ọwọ́ àgbà rẹ̀, ó fà mí dìde. Ẹni tí mo wá bọ̀wọ̀ fún ló ń gbé mi nílẹ̀! Ojú tì mí débi pé mi ò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo gbọ́ pé ó ń sọ pé mo ti ń gbéra ga.

Nílé ìwòsàn ní Ṣàgámù, obìnrin tó ń tọ́jú iṣan ara tẹ itan mi wò. Ó ní iṣan ńlá iwájú itan ló ń na orúnkún, ti ẹ̀yìn itan ló ń ká a kò, ti ìdí ló sì ń gbé ara sókè bí a bá fẹ́ dìde. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní okùn tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ wá bá a. Ti iwájú itan máa ń ti ẹ̀yìn wá, á gba iwájú ìbàdí sọ̀kalẹ̀. Eegun ẹ̀yìn mi ló há gbòǹgbò okùn náà mọ́. Nítorí náà, ẹ má tètè dá orúnkún lẹ́bi. Àṣẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó na án.

"Màmá, ẹ má kúnlẹ̀ ná," ló wí. "Ẹ má sì jókòó síbi tó rẹlẹ̀."

Mo padà sí Ìpẹ̀rú, mo sọ pé ẹsẹ̀ mi ló rọ, pé wọ́n ní kí n má kúnlẹ̀. Inú màmá yọ́, ó ti àpótí kékeré sí mi. Òun lórí àga, èmi nísàlẹ̀: bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Báwo ni n ó ṣe ní kí àgbà wá àga gíga fún mi? Mo jókòó.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo tiraka títí, ìdí mi kò kúrò lórí àpótí.

"O tún dé!" ni màmá wí. "Ẹsẹ̀ lo ní ó rọ. Ẹnu ńkọ́? Ṣé òun náà ti rọ ni?"

Omi bọ́ lójú mi. Ó fà mí dìde, ó fi mí sórí àga tirẹ̀, òun sì jókòó sórí àpótí.

"Ó yá, kí mi dáadáa."

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà."

"Pẹ̀lẹ́, ìyàwó wa. Itan ńkọ́?"

Ìtìjú ò jẹ́ kí n wo ojú rẹ̀ láti òkè níbẹ̀, àmọ́ mo dáhùn: "Kò tíì gbọ́ràn, mà."