Ibi Tí Télọ̀ Máa Ń Lọ

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mọ aṣọ rán débi pé Télọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Bí aṣọ bá fún ọ mọ́ra, á ní aṣọ ló ṣẹ̀, kò ní sọ pé ìwọ lo sanra.

Àfi lọ́dún tó kọjá tó rán ẹ̀wù fún olùkọ́ kan, tó sì fi apá òsì méjì sí i. Olùkọ́ wọ̀ ọ́ títí, apá kan kọ̀, ó ń yí sẹ́yìn. Ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ojú fèrèsé ló ń wò, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Bó ṣe di pé ó ń lálàá lójú ṣíṣí nìyẹn, lọ́sàn-án gangan. Ara á wà nílé, ọkàn á ti rìnrìn àjò. Oúnjẹ kò wù ú mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin á pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn. Èmi aláìmọ̀kan ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ gbà pé obìnrin mìíràn ló ń rò. Ó ti di ẹrù tirẹ̀ àti tọmọ sínú báàgì méjì.

"Akọ̀wé," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "tí ẹ̀gbọ́n yín ò bá sọ ibi tọ́kàn wọn máa ń lọ fún mi lónìí, mò ń lọ o."

Mo bẹ̀ ẹ́ ká kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àwa mẹ́ta la jọ lọ. Dókítà, obìnrin àgbà kan, kò kánjú rárá. Ó béèrè oorun, ó béèrè oúnjẹ, ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, àìsàn sì ni, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó wá bi Télọ̀ pé:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, tọ́kàn yín bá lọ báyẹn, kí lẹ máa ń rí?"

Télọ̀ fèsì pé, "Ilé wa ni."

"Ilé wo?" Ìyàwó rẹ̀ ló bi í.

"Ilé wa yìí náà. Ẹ̀rọ mi wà níbẹ̀. Ọmọ wa ń ṣa bọ́tìnnì. Ìwọ náà wà níbẹ̀, ò ń bá mi jà torí òwú tí mo dà sílẹ̀." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Kò sóhun tó yàtọ̀. Inú mi kàn máa ń dùn níbẹ̀ ni. Mo máa ń rẹ́rìn-ín."

Nígbà tá a délé, ìyàwó rẹ̀ tú báàgì méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló gbé agolo òwú, ó dà á sílẹ̀ káàkiri yàrá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ rẹ̀ jà, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rẹ́rìn-ín.