Èsì Ẹ̀jẹ̀ Tí Bàbá Mi Ò Dúró Gbà

Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi wà ní ọsibítù, àwọn fúnra wọn wà níbi yìgì ní àdúgbò Fate!

Láàárọ̀ ni àyà ń dun Bàbá, mo fi mọ́tò gbé wọn lọ. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ wọn láti fi wò bóyá ọkàn ti fara pa. Ó ní èsì àkọ́kọ́ ò burú, àmọ́ òun á tún gba òmíràn lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, torí ọkàn kì í tètè jẹ́wọ́.

Bí ó ṣe gba ẹlẹ́ẹ̀kejì tán ni Bàbá dìde.

"Kò dùn mí mọ́. Èmi ni àáfà tó máa so yìgì, èrò ti ń dúró."

Nọ́ọ̀sì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí yìí:

"Níbo lẹ gbé bàbá lọ? Èsì kejì ti lọ sókè gan-an, ọkàn wọn ti fara pa! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rìn o, ẹ gbé wọn bọ̀ kíákíá!"

Mo sáré lọ sọ ọ́ sí Bàbá létí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Jẹ́ kí n ṣe àdúà tán ná."

Àdúà bàbá mi kì í kúrú.

Mo ti ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀. Gbogbo èrò gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Bàbá gbé ẹyọ kan. Èkejì wà láyà wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ti já àdúà gbà mọ́ àáfà lẹ́nu rí? Ẹ tètè dá mi lóhùn.