Sàfúrátù Lé Ọ̀rá Jáde Nílé

Bí Sàfúrátù bá ń bọ̀ ládùúgbò Basin, ohùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé. Yóò kí ẹni tó ń gbálẹ̀, yóò kí ẹni tó ń fọṣọ, yóò kí ẹni tó wà nínú ilé tí kò tilẹ̀ rí. Kọ́tìnnì ló ń rán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Táíwò Road, kì í sì í fi nǹkan ṣòfò. Gbogbo ọ̀rá tí wọ́n bá fi di ọjà fún un, ńṣe ló ń kó o jọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì, ọ̀rá nínú ọ̀rá, títí ilẹ̀kùn náà kò fi ṣeé ṣí tán mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, díẹ̀ nínú wọn a fò lọ sẹ́yìnkùlé. Kò kà á sí. Ọ̀rá lásánlàsàn!

Lọ́dún kan, ọkọ rẹ̀, Múdàṣírù, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tètè ra àgbò Iléyá, ó so ó mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Àgbò náà ń jẹ, ṣùgbọ́n kò sanra bó ṣe yẹ. Sàfúrátù fún un ní èèpo iṣu, ó fún un ní èèpo ẹ̀wà. Ikùn rẹ̀ kàn ń wú ni. Lọ́jọ́ Iléyá, nígbà tí wọ́n ti yídì dé, Múdàṣírù dúńbú ẹran, Zubair alápatà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kun ún. Nígbà tó la àpòlúkù, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fa nǹkan kan jáde tó tóbi tó orí ọmọdé. Ọ̀rá ni, dúdú, funfun, pupa, gbogbo wọn lọ́ mọ́ra.

"Ìyá Rasheedah," ni Zubair wí, "àgbò yín nájà jù yín lọ o!"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Sàfúrátù náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó rí ọ̀rá onílà pupa kan láàárín wọn, ó sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń ta ẹ̀wà fún un nìkan ló ń lo irú ẹ̀. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn òun ló ti lọ sínú ẹran tí òun ń fọwọ́ ara òun bọ́. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá Rasheedah, láti òní lọ, ọ̀rá ò gbọdọ̀ wọ ilé yìí mọ́, ìnṣá Àlláhù."

"Lọ́jọ́ ọdún? Kí la wá fẹ́ fi di ẹran àwọn ará àdúgbò?"

"Abọ́ wà."

Lẹ́yìn ọdún, ó ṣa àjákù aṣọ kọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi rán àpò, ó kó wọn lọ sí Ọjà Ọba pẹ̀lú abọ́ onídèérí. Aláta tí wọ́n ti jọ ń ṣe oníbàárà tipẹ́ wọn ata, ó nawọ́ sí ọ̀rá.

"Má dì í. Dà á síbí."

"Hàà, Àlàájà! Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"O ò ṣẹ̀ mí."

"N ò ní gbowó ọ̀rá o, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ n tiẹ̀ fi méjì dì í."

Àfi ìgbà tí Sàfúrátù jókòó sórí àpótí, tó ro ẹjọ́ àgbò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí obìnrin náà tó gbà pé kò sí ìjà. Ẹlẹ́ja tó wà nítòsí mirí, ó ní bí ewúrẹ́ òun náà ṣe lọ nìyẹn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ará ọjà kọ́ ló wá nira, Múdàṣírù ni. Kò bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn, ó kàn ń gbàgbé ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bó ṣe ń ti mọ́sálásí bọ̀ lẹ́yìn ìrun alásárì, àkàrà tí Hàúwà ń dín ní oríta ń ta sánsán. Ó rà á. Hàúwà ṣí ọ̀rá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ìgbà yẹn ni bàbá rántí.

"Dúró, dúró! Wọn ò gbọdọ̀ rí ìyẹn nílé wa."

"Ibo ni kí n wá dà á sí, Bàbá?"

Ó wọ̀tún, ó wòsì. Àkàrà ń tutù. Ó ṣí fìlà lórí, ó nà án sí i.

Bó ṣe wọ àdúgbò nìyẹn, tí orí rẹ̀ ń dán nínú oòrùn, tí òróró ń kán sí i láṣọ, tó sì ń dá àwọn tó ń kí i lóhùn bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe. Sàfúrátù rí i lókèèrè. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.

"Òfin rẹ ni mo tẹ̀ lé," ni Múdàṣírù wí.

"Kí ló dé tí ẹ ò ní kó fi ìwé ìròyìn wé e?"

Ó wo fìlà, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ìwé ò wá sí mi lọ́kàn."

Wọ́n jẹ àkàrà náà tán. Fìlà ò mọ́ títí dòní.

Àmọ́ ẹni tó ti fi fìlà rẹ̀ ra òfin, kò ní gbà kí ẹlòmíràn rú u lọ́fẹ̀ẹ́. Múdàṣírù wá le ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Ó ki àpò aṣọ kọ̀ọ̀kan bọ àpò gbogbo ṣòkòtò rẹ̀. Nígbà tí Rasheedah, ọmọbìnrin wọn, ti Abùjá dé pẹ̀lú búrẹ́dì àti èso nínú ọ̀rá, bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ ńlá lọ́wọ́.

"Tú wọn sínú èyí ná."

"Bàbá, mo wá kí yín ni, ẹ̀ ń yẹ ẹrù mi wò bíi kọ́sítọ̀ọ̀mù!"

"Ẹ jẹ́ kọ́mọ wọlé," ni Sàfúrátù ké láti kíṣìnnì, "ọ̀nà jìn!"

Kì í ṣe pé wọ́n ṣe é pé o. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kànga bá gbẹ, omi inú ọ̀rá ṣì ń wọlé, Sàfúrátù kì í sì í fi bò. Ó ní ibi tágbára òun mọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kíṣìnnì ti ń ṣí gbayawu.

Lọ́jọ́ tí Rasheedah ń padà, ìyá rẹ̀ gbé wàrà díndín fún un nínú abọ́ onídèérí tó dáa jù nílé.

"Abọ́ mi o! O gbọ́dọ̀ dá a padà."

"Màmá, Abùjá mà ni mò ń lọ."

"Mo mọ̀. Kó o tètè máa bọ̀ ni."